Xfce rè é o: déskítọ́ọ̀pù tí mi ò tíì pààrọ̀ láti 2012

Kọ́pà kan tó máa ń wá tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa ló bi mí ní ìbéèrè tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ó rí láptọ́ọ̀pù tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó rí i pé RAM ẹ̀ jẹ́ 32 GB, ó wá wo ohun tó wà lójú ẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì kan nísàlẹ̀, mẹ́nù lápá òsì, aago lápá ọ̀tún, àwọn wíńdò tí orúkọ wọn hàn ketekete, ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ̀rọ yín lágbára tó báyìí, kí ló dé tẹ́ ẹ tún gbé nǹkan àwọn ẹ̀rọ àlòkù sórí ẹ̀?" Mo fẹ́ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti kún ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà sì wà lọ́kàn mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Torí ohun tọ́mọ yẹn sọ lọ́pọ̀ èèyàn gbà gbọ́. Wọ́n rò pé Xfce àti MATE àti LXQt, ìyẹn àwọn déskítọ́ọ̀pù tó fúyẹ́ lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), ti àwọn tí ò lówó ni, pé ọjọ́ téèyàn bá rówó ra ẹ̀rọ gidi ló máa kó kúrò níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo mọ àwọn tó ń bójú tó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá àwọn kọ̀ǹpútà míì ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì ńláńlá ní Central Area níbí, ẹ̀rọ wọn le ju tèmi lọ, Xfce ló wà lójú ẹ̀, ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ wà lórí IceWM tó kéré ju Xfce lọ fíìfíì. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí Linux gan-an ló ń mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn nǹkan yìí, owó sì wà lọ́wọ́ wọn.

Fún ẹni tó jẹ́ pé Windows nìkan ló mọ̀, kí n tètè là á: nínú Linux, ohun tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ lọ́tọ̀, ojú tẹ́ ẹ̀ ń rí lọ́tọ̀. Ẹ lè mú Debian, tó jẹ́ irú Linux kan, kan náà kẹ́ ẹ fi GNOME ṣe ojú ẹ̀, tàbí KDE Plasma, tàbí Xfce, àwọn fáìlì yín ò ní kúrò níbi tí wọ́n wà. Xfce ti wà láti 1996. Olivier Fourdan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ń wá ohun tó jọ CDE, èyí tí wọ́n ń lò lórí àwọn ẹ̀rọ Unix olówó ńlá ayé ìgbà yẹn, ó sì fi eku ṣe àmì ẹ̀. Ọdún yẹn náà ni KDE bẹ̀rẹ̀, GNOME tẹ̀ lé e ní 1997. Ẹ rí i pé ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn, kò sí èyí tá a lè pè ní bàbá àgbà nínú wọn.

Èmi fúnra mi, Samaru ni mo ti pàdé Linux, nígbà tí mo wà ní ABU Zaria. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà yẹn á rántí pé Ubuntu, irú Linux míì, máa ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ShipIt ni wọ́n ń pè é, ẹ máa kọ àdírẹ́ẹ̀sì yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá ṣe díẹ̀ àpò ìwé á balẹ̀ sí pósítọ́fíìsì láìsan kọ́bọ̀. Tèmi dé ní 2008, 8.04 ni. Mo gbé e wọ kọ̀ǹpútà yàrá wa, ìlù kékeré kan dún, àwọ̀ ilẹ̀ pupa bo ojú ẹ̀, mo rí Applications, Places, System lókè lápá òsì. GNOME 2 nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ọwọ́ mi ti mọ ibi gbogbo, mi ò ní láti máa wò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ohun tí mo máa wá fi gbogbo ayé mi lórí kọ̀ǹpútà wá nìyẹn, kí ọwọ́ mọ ọ̀nà, kí ọ̀nà sì dúró.

Kò dúró. Ní April 2011 GNOME 3 jáde. Wọ́n kó pánẹ́ẹ̀lì àtijọ́ lọ, àtòkọ wíńdò tó máa ń wà nísàlẹ̀ lọ, bọ́tìnì tá a fi ń gbé wíńdò sápamọ́ náà lọ. Oṣù yẹn náà ni Ubuntu 11.04 gbé Unity síta gẹ́gẹ́ bí ojú tuntun. Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn, KDE ti ṣe tiẹ̀ ní January 2008, wọ́n gbé 4.0 jáde nígbà tó ṣì ku ọ̀pọ̀ nǹkan. Ariwo sọ. Linus Torvalds, ẹni tó kọ kernel (ọkàn) Linux gan-an, kúrò ní GNOME lọ sí Xfce lọ́dún 2011, gbangba ló ti sọ ọ́. Ó padà sí GNOME nígbà tó yá o, mo ń sọ ìyẹn torí àwọn kan máa ń gba apá àkọ́kọ́ ìtàn yẹn nìkan, òótọ́ ò sì ṣeé gé sí méjì. Ọmọ Argentina kan gbé kóòdù GNOME 2 tí wọ́n ti pa tì, ó ń tún un ṣe, ó sọ ọ́ ní MATE, orúkọ ewé tí wọ́n ń rẹ mu lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó ń ṣe Linux Mint, irú Linux kan, ní tiwọn mú GNOME 3 wọ́n rọ ọ́ padà sí ojú tá a mọ̀, Cinnamon nìyẹn.

Lọ́dọ̀ tèmi, nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ò ju alẹ́ kan lọ. Mo ti wà l'Abuja nígbà náà, mo ń tẹ project fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, mẹ́rin ló yẹ kí n fi jíṣẹ́ láago mẹ́jọ àárọ̀. Mo ṣe update kí n tó sùn, mi ò ní dárúkọ ohun tí mò ń lò, ìgbà tí mo máa tan ẹ̀rọ láàárọ̀ mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́. Mi ò rí wíńdò tí mo fi sílẹ̀, mi ò rí mẹ́nù, pírìntà tí mo máa ń tẹ̀ láìwò ti wọ abẹ́ nǹkan míì, àwọn ọmọ yẹn dúró lẹ́yìn mi, ọ̀kan nínú wọn ní defense láago mẹ́wàá, ó sì ń lọ sí Gwagwalada. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo fi wá ohun tí mo máa ń fi ìṣẹ́jú kan ṣe. Kò sí ohun tó bàjẹ́ o, ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n kàn tún ilé mi tò nígbà tí mo sùn ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni mo gbé Xfce 4.10 sórí ẹ̀rọ, mi ò sì tíì kúrò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àwọn tó ti pẹ́ ló ń yàn án. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun gbogbo ló jẹ́ tuntun sí i, tí wọ́n bá yí i padà lọ́la á tún kọ́ ọ, kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó ti lo ọdún 10 tàbí 15, ohun ìní tó tóbi jù tó ní lórí kọ̀ǹpútà wà nínú ìka ọwọ́ ẹ̀, kò sí backup tó lè tọ́jú ìyẹn fún un. Ẹ bi àwọn télọ̀, ẹ bi ẹni tó ń wa mọ́tò, tí wọ́n bá gbé bíréèkì lọ sápá òsì nítorí pé ó rẹwà níbẹ̀, ṣé ẹ máa gùn ún?

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín nípa àwọn tó ń ṣe Xfce. Láàárín 4.12 tó jáde ní February 2015 àti 4.14 tó jáde ní August 2019, ó lé ní ọdún mẹ́rin, àwọn èèyàn ń sọ pé ó ti kú. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń tú gbogbo ìpìlẹ̀ ẹ̀ kúrò lórí GTK2 bọ́ sórí GTK3, àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ́ wíńdò àti bọ́tìnì, ìyẹn dà bí ìgbà téèyàn ń pààrọ̀ gbogbo òpó ilé nígbà tí àwọn ará ilé ń gbé inú ẹ̀. Ìgbà tó dé, mo tan ẹ̀rọ, mẹ́nù mi wà níbi tó wà, àwọn àmì wà níbi tí wọ́n wà, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Èèyàn tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, ọ̀wọ̀ ńlá ni mo ní fún un. 4.16 dé ní December 2020, 4.18 ní December 2022, 4.20 ní December 2024, gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Púpọ̀ nínú ètò tí mo ṣe sí i wà nínú fóldà kan, .config/xfce4, nínú fóldà Home mi. Tí mo bá ra ẹ̀rọ tuntun, mo máa kó fóldà yẹn lọ síbẹ̀, mo máa jáde mo máa tún wọlé, ilé mi ti dé. Láptọ́ọ̀pù mẹ́rin ni fóldà yẹn ti bá mi dé. Èyí tí kọ́pà yẹn rí ni ìkẹrin.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ àlòkù náà kúkú wà ńbẹ̀, mi ò ní fojú fò ó. Ṣọ́ọ̀bù mi ní kọ̀ǹpútà márùn-ún, UK used ni gbogbo wọn, Wuse 2 ni mo ti rà wọ́n, lágbègbè Emab Plaza, EliteBook 840 G3 ni mẹ́ta nínú wọn, méjì tó kù jẹ́ ThinkPad T450. Gbogbo wọn ò tó ohun tí Windows 11 ń bèèrè, torí ó fẹ́ Intel ìran kẹjọ sókè, wọ́n sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 tó máa ń wá déédéé dúró láti 14 October 2025. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé irú ẹ̀rọ báyìí jù sílẹ̀ báyìí ní ìdajì owó. Lórí àwọn tèmi, Debian pẹ̀lú Xfce ń jẹ nǹkan bíi 600 MB nínú RAM kí n tó ṣí nǹkan kan, mo gbìyànjú GNOME lórí ọ̀kan nínú wọn, ó lé ní 1.2 GB. Lórí ẹ̀rọ oní 4 GB ìyàtọ̀ yẹn pọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Firefox tẹ́ ẹ bá ṣí ojú-ewé mẹ́wàá nínú ẹ̀ á jẹ RAM ju déskítọ́ọ̀pù lọ, Xfce ò sì lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Xfce máa sọ 2 GB di ẹ̀rọ tuntun fún iṣẹ́ òde òní, ẹ má gbà, pórtà JAMB àti ti báńkì ti wúwo jù ìyẹn lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé kò bá yín jẹ nínú ìwọ̀nba tẹ́ ẹ ní.

Ibi tí mo ti rí àǹfààní ẹ̀ jù ni oṣù March sí April, nígbà tí ooru Abuja bá dé tán, tí iná bá lọ, tá a wà lórí ìnfátà, fáànù ò gbọdọ̀ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù torí bátìrì. Mo pa compositor, ìyẹn ohun tó ń ṣe òjìji àti ìfarahàn dídán lára wíńdò, bọ́tìnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pa á nínú Window Manager Tweaks. Ẹ̀rọ náà tutù sí i, ariwo fáànù inú ẹ̀ rọlẹ̀. Tó bá wá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, tí eruku ti dí ihò ẹ̀, ẹ máa mọ ìyàtọ̀ ẹ̀rọ tó ń mí pẹ̀lẹ́ àti èyí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ Thunar, torí tó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa fi yìn Xfce, Thunar ni. Ohun tí wọ́n fi ń wo fáìlì ni. Ó yá bí àṣá, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ohun kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ Custom Actions, ẹ lè kọ àṣẹ tiyín sínú ẹ̀, á wá jáde tẹ́ ẹ bá fi máòsì tẹ fáìlì lápá ọ̀tún. Ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, fọ́tò ni wàhálà wa. Gbogbo pórtà ló ní ìwọ̀n tó ń gbà, èyí ní kó má ju báyìí lọ, èyí ní ká sọ ọ́ di JPG, àwọn oníbàárà á fi fọ́tò 6 MB ránṣẹ́ láti orí fóònù. Tẹ́lẹ̀ a máa ń ṣí fọ́tò yẹn sínú sọ́fítíwíà, ká gé e, ká dín in kù, ká tún un fi pamọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó lọ́jọ́ kan mo fi ImageMagick, sọ́fítíwíà tó ń tún fọ́tò ṣe, kọ àṣẹ kan ṣoṣo, mo fi sínú Thunar, mo sọ orúkọ ẹ̀ ní Yorùbá, "Dín fọ́tò kù". Ọmọ Hausa tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ò gbọ́ Yorùbá, mo wá ṣe ìkejì fún un ní "Rage hoto". Báyìí a lè mú fọ́tò 40 lẹ́ẹ̀kan náà, a tẹ ọ̀tún, a mú un, ó parí. Mo ní òmíràn tó ń so PDF pọ̀, òmíràn tó ń yí ojú ìwé tí wọ́n skan lódì padà. Bulk Rename tún wà níbẹ̀ fún ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí orúkọ fáìlì 200 padà lẹ́ẹ̀kan. Láti 4.18 ẹ lè tẹ F3 kí wíńdò pín sí méjì, ẹ á máa wo fóldà méjì pa pọ̀, ẹ sì lè fi Ctrl+Z dá ohun tẹ́ ẹ ṣèèṣì parẹ́ padà láti inú Trash. Kò sí sọ́fítíwíà owó tó tíì rọ iṣẹ́ mi lọ́rùn tó báyìí.

Àwọn nǹkan kéékèèké míì wà tó jẹ́ pé ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ò lè gbé láìsí i mọ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀tún níbi tó ṣófo lójú déskítọ́ọ̀pù, gbogbo mẹ́nù á jáde síbẹ̀, ẹ ò ní láti gbé máòsì lọ sí igun. Tẹ́ ẹ bá di Alt mú, ẹ lè di wíńdò mú níbikíbi lára ẹ̀ kẹ́ ẹ fà á. Wíńdò tó wà ní pánẹ́ẹ̀lì ní orúkọ lára, kì í ṣe àmì nìkan. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o. Tí mo bá ṣí ìwé mẹ́fà fún oníbàárà mẹ́fà, orúkọ ni mo fi ń mọ̀ wọ́n, tó bá jẹ́ àmì LibreOffice mẹ́fà tó jọ ara wọn ló wà níbẹ̀, ìwé ẹlòmíì ni mo máa tẹ̀ fún ẹlòmíì.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba wá lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ kọ lẹ́tà nípa pẹ́ńsàn wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fọwọ́ ara àwọn tẹ̀ ẹ́. Windows XP ni wọ́n mọ̀, ìyẹn tí ọ́fíìsì wọn lò. Mo jókòó wọn sídìí ẹ̀rọ, mo fẹ́ ṣàlàyé pé Linux ni, wọ́n ti tẹ mẹ́nù, wọ́n ti rí ibi ìkọ̀wé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ bi mí pé kí nìyí. Ìgbà tí wọ́n ṣe tán wọ́n ní, "Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà tìẹ kì í dààmú èèyàn." Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìyìn nípa kọ̀ǹpútà, mi ò tíì gbọ́ èyí tó ju ìyẹn lọ.

Torí ṣọ́ọ̀bù ni, àwọn ọmọdé kan máa ń fa pánẹ́ẹ̀lì kiri, wọ́n á gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á yọ aago kúrò. Xfce ní ohun tí wọ́n ń pè ní kiosk, tó ń jẹ́ kéèyàn ti ètò ẹ̀ pa, mo fi ti ètò pánẹ́ẹ̀lì pa nínú fáìlì xfconf, ibi tó ń tọ́jú ètò ẹ̀ sí, àyàfi èmi ni mo lè ṣí i. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi ṣe é, ó sì ti ń jẹ́ kára tù mí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ Yorùbá gidi, pẹ̀lú àmì, ẹ lọ sí Settings, Keyboard, Layout, ẹ wá Nigeria, Yoruba wà níbẹ̀, Hausa àti Igbo náà wà. Ẹ fi keyboard layout sí pánẹ́ẹ̀lì, ẹ á máa fi máòsì tẹ̀ ẹ́ láti bọ́ láti èdè kan sí ìkejì. Èmi tún yan Compose key níbẹ̀, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, mo tẹ àmì "!", mo tẹ "e", lẹ́tà "ẹ" á jáde. Kì í ṣe Xfce nìkan ló ní èyí, gbogbo Linux ló ní in, ṣùgbọ́n ibi tí Xfce gbé e sí ò nira láti rí, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń dárúkọ ẹ̀ níbí.

Nǹkan mìíràn tó mú àwọn oníṣẹ́ sáfà fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ó ṣe é lò láti ọ̀nà jíjìn. Àbúrò mi wà ní Ìlọrin, tí ẹ̀rọ ẹ̀ bá ní ìṣòro mo máa ń fi VNC, ohun tó ń jẹ́ kéèyàn rí ojú ẹ̀rọ míì láti ọ̀nà jíjìn, wọ ibẹ̀ láti Kubwa, lórí dátà fóònù. Xfce ò ní ọ̀pọ̀ ohun tó ń rìn tó ń jó lójú, nítorí náà àwòrán tó ní láti rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò pọ̀, mo lè rí ohun tí mò ń ṣe kódà tí nẹ́tíwọọ̀kì bá ń fà bí ìgbín.

Bá a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Xfce ní ibi tó kù sí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó gbé e.

Èyí tó tóbi jù ni scaling, ìyẹn fífẹ ohun gbogbo lójú ẹ̀rọ kó ṣeé rí. Tí ojú ẹ̀rọ yín bá jẹ́ 2560 x 1440 lórí íńṣì 14, 1x á kéré jù, 2x á tóbi jù, àárín wọn, bíi 1.5, ló sì yẹ kẹ́ ẹ lò, Xfce ò ṣe ìyẹn dáadáa, lẹ́tà á máa ṣú. Mo yanjú tèmi nípa pé mo lọ sí Appearance, Fonts, mo gbé DPI, ìyẹn ìwọ̀n lẹ́tà, sí 120, lẹ́tà tóbi, ojú mi ò sì ń dùn mí mọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ so mọ́nítọ̀ méjì tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ pọ̀, ẹ má bá ara yín jà, ẹ lọ lo KDE Plasma, ó mọ ìyẹn ṣe. Èkejì, fífi ìka mẹ́ta rìn lórí touchpad láti yí wíńdò, kò bá Xfce wá, ẹ ní láti fi nǹkan míì kún un. Ẹ̀kẹta, etí wíńdò tín-ín-rín jù láti dì mú tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ̀ ẹ́, gbogbo èèyàn ló ń kígbe lórí ìyẹn. Ẹ di Alt mú, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì fà á, ẹ ò ní wá etí kankan mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni Wayland, ọ̀nà tuntun tí Linux ń gbà gbé wíńdò sójú ẹ̀rọ. X11, ọ̀nà àtijọ́ tí Xfce dúró lé, ti wà láti 1987, gbogbo ayé Linux ló ń kó kúrò lórí ẹ̀ báyìí, GNOME 49 tó jáde ní September 2025 ti pa ìlẹ̀kùn X11 tiẹ̀ dé. Xfce 4.20 ti lè gun Wayland díẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì àti Thunar lè rìn lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi labwc tàbí Wayfire, àwọn tó ń mú wíńdò lórí Wayland, gbé e, ṣùgbọ́n xfwm4 tó ń mú wíńdò ò tíì dé ibẹ̀. Èmi ń lo X11 lọ ní tèmi, kò sí ohun tó ń ṣe mí. Àwọn tó ti tú òpó ilé láìjẹ́ kí òrùlé jò nígbà GTK3, mo fọkàn tán wọn pé wọ́n á gbé wa kọjá èyí náà, bó tilẹ̀ pẹ́.

Ojú ẹ̀ náà nígbà téèyàn bá kọ́kọ́ gbé e látorí Debian, kò fani mọ́ra. Ó dà bí yàrá tí wọn ò tíì kun. Ẹ má jẹ́ kíyẹn lé yín, tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tuntun ẹ lọ gbé Linux Mint oní Xfce, wọ́n ti kun tiwọn, Whisker menu wà níbẹ̀, ohun gbogbo ti wà ní sẹpẹ́, fáìlì ẹ̀ súnmọ́ 3 GB, ẹ fi dátà òru wà á. Xubuntu náà dáa, ó ti wà láti 2006. MX Linux dáa fún ẹ̀rọ tó ti gbó.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀: MATE ni mo máa lò tí Xfce bá parẹ́ lọ́la, ọwọ́ ẹni tó lo GNOME 2 á bá a mu kíákíá. LXQt fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́ jù Xfce lọ, ṣùgbọ́n mo máa ń pàdé ibi tí wọn ò tíì parí. Cinnamon rẹwà, ó sì ń hùwà bí ó ṣe yẹ, ó kàn wúwo fún àwọn ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù mi ni. GNOME ti òde òní ti gún régé ju ti 2011 lọ dáadáa, mo mọ àwọn tó ń lo touchscreen tí wọn ò lè fi í sílẹ̀, ohun tó bá ọwọ́ wọn mu nìyẹn, kí wọ́n máa lò ó.

Kọ́pà yẹn padà wá ní Satidé, mo dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ó gbé flash 8 GB kalẹ̀, mo da Mint Xfce sórí ẹ̀ fún un. Ó ní òun ò fẹ́ pánẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀, mo fi bó ṣe máa gbé e hàn án, ó gbé e lọ sókè, ó fi aago sáàárín. Ó tún wá lọ́sẹ̀ tó kọjá láti tẹ clearance ẹ̀, ó ṣí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ níwájú mi, ó ti ṣe update lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn. Pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀ wà lókè, aago wà láàárín.